Ìdí tí mo fi pa fídíò báìkì pupa yẹn rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé fídíò báìkì pupa yẹn dà, ẹ jókòó. Èmi ni mo pa á rẹ́ fúnra mi. Ẹnì kankan ò fi ẹjọ́ mi sùn. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ó sì máa gùn díẹ̀. Tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ máa jẹun yín lọ, ẹ ṣáà má pa fóònù.

Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde ni. Ẹ mọ bí Èkó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Fàǹtí: Campos ń gbé tiwọn jáde, Òkè-Pópó ń gbé tiwọn jáde, àwa Láfíàjí náà ò sì ní gbà kí ẹnì kankan yọ ju tiwa lọ. Mùsùlùmí ni ilé wa, ṣùgbọ́n Fàǹtí ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti ń kírun. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mò ń wá ohun tí mo máa gbé sí pèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí, mo kàwé gboyè, iṣẹ́ ò yá, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò àdúgbò. Iṣẹ́ mi nìyẹn.

Bí báìkì kan ṣe yọ láti ọ̀nà Simpson Street nìyẹn. Kí a tó rí i la ti gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gùn ún, ó ń gbé ní Lekki, ó wá wo Fàǹtí. Ó páàkì sí iwájú ilé wa, ó ṣí hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Kí n tó pajú dé báyìí, gbogbo ọmọ àdúgbò ti rọ́ yí i ká bíi pé wọ́n ń pín sáárà.

Orúkọ báìkì yẹn ni Yamaha XSR900 GP. Pupa àti funfun ni àwọ̀ rẹ̀. Ìbòjú kan wà níwájú rẹ̀, èyí tó yípo gbọọrọ bíi ti àwọn báìkì eré ìje tí à ń rí nínú fọ́tò àtijọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ á sọ pé báìkì ayé ìgbà tí wọn ò tíì bí wa ni. Irọ́ ni. Ní 2023 ni Yamaha fi í hàn, ó sì bọ́ sọ́jà ní 2024. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 890cc, sílíńdà mẹ́ta, agbára rẹ̀ sì sún mọ́ ti ẹṣin 120. Ó ní kọ̀ǹpútà tí kì í jẹ́ kí táyà yọ̀, àti ojú síkírìnì tó lè ya àwòrán mítà ayé àtijọ́, ọ̀pá pupa kékeré tó ń yí kiri.

Retro ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ara tuntun nínú aṣọ àtijọ́. Yamaha nìkan kọ́ ló ń ṣe é o. Kawasaki náà ní Z900RS tó jọ Z1 wọn ti 1972. Ti Yamaha yìí, YZR500 ló fara jọ, báìkì tí wọ́n ń fi sá eré ìje àgbáyé ní àwọn ọdún 1980 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1990. Ará Amẹ́ríkà kan, Wayne Rainey, fi í gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, 1990, 1991 àti 1992. Pupa àti funfun ni tiẹ̀ náà nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ọkùnrin yẹn pamọ́ fún mi. A ó padà sórí rẹ̀.

Mo bá tan kámẹ́rà. Mo ní kí oníkálukú sọ èrò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rí fídíò yẹn, ẹ mọ bó ṣe dùn tó.

Àwọn ọmọ kékeré ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ò pọ̀: "Ó ń dún!" Ó parí.

Ẹni tó ni ín sọ pé ohun tó fi rà á ni pé báìkì eré ìje gan-an tó ní tẹ́lẹ̀ fẹ́ẹ̀ ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn. Lórí èyí, ọwọ́ rẹ̀ ga díẹ̀ sí i, èèyàn ò ní dọ̀bálẹ̀ lórí táǹkì bí ẹni tó ń bẹ àna. Ṣùgbọ́n òun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó ní kí ló dé tí wọ́n fi bo iwájú tí wọn ò bo ìsàlẹ̀? Ẹ́ńjìnnì wà níta gbangba. Ó ní ó dà bí ẹni tó wọ agbádá tí kò wọ ṣòkòtò. Tí o bá fẹ́ ṣòkòtò, owó ọ̀tọ̀ ni.

Bàbá mẹkáníìkì tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, àwọn tó ń tún Bajaj àwọn ọmọ dispatch ṣe, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ títí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kò rùn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí a má rẹ́rìn-ín. Báìkì ìje ayé ọjọ́un, two-stroke ni, òróró ń jóná mọ́ epo nínú rẹ̀, o ó ti gbóòórùn rẹ̀ kó tó yọ ní kọ́nà, yóò sì máa han bí ẹ̀rọ aránṣọ tí orí ń gbóná. Wọ́n ní èyí ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n tún ní, "Tó bá sì kọṣẹ́, kì í ṣe sípánà ni yóò gbọ́, kọ̀ǹpútà ni. Ta ló ni kọ̀ǹpútà ní Láfíàjí níbí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń gun báìkì dispatch ní tirẹ̀. Ojú iṣẹ́ ló fi wò ó. Ó ní táǹkì rẹ̀, lítà 14 péré, pẹ̀lú owó epo wa láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023. Ó ní ibo ni èèyàn fẹ́ gbé páálí ọjà sí? Ó ní gálọ́pù kan ṣoṣo ní Ọbáléndé, ìbòjú yẹn di méjì. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi ọwọ́ ra táǹkì náà jẹ́jẹ́, bíi pé orí ọmọ ni. Mo fi ìyẹn sínú fídíò, ẹ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Ó tún sọ ohun kan tí mo gé kúrò. Ó ní, "Wò ó, èyí tó lè sáré pa èèyàn ló ń kọjá fàlàlà. Tèmi tó jẹ́ 100cc ni òfin lé kúrò níbí." Ẹ rántí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Island sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Mainland àti Àpápá. Ọ̀kadà ni ẹ̀gbọ́n mi ń gùn nígbà yẹn. Ó tà á ní ìtàkutà kí ọjọ́ náà tó pé. Ọjọ́ tí wọ́n kéde òfin yẹn lórí rédíò, gbogbo ilé dákẹ́, àfi Dádì wa. Dádì ní, "Alhamdulillah." Wọ́n rọra sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀gbọ́n mi ò bá wọn sọ̀rọ̀, àfi kí ó kí wọn lówùúrọ̀. Èmi náà bínú. Kí ni irú bàbá bẹ́ẹ̀ ń dúpẹ́ sí, tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ dànù?

Ẹ jẹ́ a padà sí ọjọ́ Fàǹtí.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gòkè, kí a dé TBS ká sì padà. Ó ní fídíò tó dáa máa jáde níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n mi kó máa yà á. Ìjókòó ẹ̀yìn báìkì yẹn kéré, wọ́n ṣe ìdí rẹ̀ bíi ti báìkì ìje ẹlẹ́nì kan. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

Dádì jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn ní iwájú ilé láti ìgbà tí báìkì ti dé. Àwọn nìkan ni wọn ò tíì sọ èrò wọn. Ẹ gbọ́ ọ nínú fídíò: "SỌ̀ KALẸ̀!" Bàbá tí kì í pariwo. Ìlù gan-an fẹ́ẹ̀ dákẹ́. Mo ní, "Dádì, TBS lásán ni o." Wọ́n dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn tó máa ń dùn wọ́n, wọ́n rìn wá, wọ́n mú mi lọ́wọ́ fà mí sọ̀ kalẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, èmi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n fi ọwọ́ kan ìjókòó ẹ̀yìn yẹn. Wọ́n ní, "Èyí tiẹ̀ kéré. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n wọlé lọ.

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Ẹ sì mọ ohun tí àwa tí à ń ṣe content máa ń ṣe tí ojú bá tì wá: a máa ń gbé e síta kí ẹlòmíràn tó gbé e. Mo fi orin sí i, mo kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé "Dádì mi ba content mi jẹ́". Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí èèyàn tó lé ní 40,000 ti wò ó. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní Dádì ò fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ òun lọ. Ẹ ní bàbá àtijọ́, wọn ò mọ retro. Èmi náà ń fèsì, mò ń fi ẹ̀rín sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì yẹn, Dádì pè mí sí pálọ̀. Ẹnì kan ti fi fídíò yẹn hàn wọ́n. Mo ti ń múra láti kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ìyá mi, báìkì yẹn, mo ti ní irú rẹ̀ rí."

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Dádì tí mo mọ̀, dáńfó ni wọ́n ń wọ̀.

Wọ́n ní Yamaha ni, RD350, tòkúnbọ̀. Wọ́n rà á lẹ́yìn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní ní àdúgbò yìí, tí wọ́n bá ti ta á, àwọn ìyá á ti máa pe ọmọ wọn wọlé. Wọ́n ní bàbá mẹkáníìkì tó sọ pé tuntun yìí kò rùn, òun ló ń tún un ṣe fún wọn. Ìdí nìyẹn tí bàbá náà kò fi wo ojú wọn lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ sí fọ́tò tó wà lókè tẹlifíṣọ̀n wa. Gbogbo wa mọ fọ́tò yẹn. Àbúrò wọn ọkùnrin ni. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé "ó kú ní kékeré", nílé wa, tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ kì í bèèrè mọ́. Ẹsẹ̀ Dádì náà, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ní ó ṣẹ́ ẹ.

1989 ni. Òru Sátidé. Ooru mú, àwọn àti àbúrò wọn gun RD lọ gba atẹ́gùn ní Bar Beach. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì Fálómọ̀. Yanrìn wà lójú ọ̀nà. Táyà iwájú yọ̀. Ohun tí wọ́n rántí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ojú wọn là, Ìgbóbì ni wọ́n wà, wọ́n ti fi irin sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ti sin àbúrò wọn sí Abari láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Àwọn kọ́ ni wọ́n wẹ̀ ẹ́. Wọn ò bá wọn kírun sí i lára.

Wọ́n dákẹ́ títí. Mo rò pé ó ti tán. Wọ́n wá ní, "Akoto kan ṣoṣo ló bá máṣíìnì yẹn wá. Èmi ni mo dé e."

Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ wọn mú.

Mo wá rántí nǹkan kan. Oṣù kìíní 2009, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó mi ẹ máa rántí, nígbà tí FRSC ní dandan ni kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ máa dé akoto. Akoto wọ́n, àwọn ọlọ́kadà bá ń dé igbá, àwọn mìíràn ń dé ìkòkò. Èrò náà ò fẹ́ dé tiwọn, wọ́n ní ẹnì kan lè ti fi oògùn sínú rẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo gbé igbá ìyá mi dé, mò ń sáré yí pálọ̀ ká bí ọ̀kadà. Dádì gbá mi létí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n gbá mi rí nìyẹn. Ó tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń rò pé nítorí igbá ni.

"Alhamdulillah" ti 2022 náà yé mi. Wọn ò dúpẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí ni pé kò ní gbé ẹnì kankan sẹ́yìn mọ́. Páálí ló ń gbé báyìí. Páálí kì í kú.

Mi ò sùn lóru yẹn. Mo ń wá YZR500 lórí fóònù, mo ń wo bó ṣe ń dún. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìyókù ìtàn Wayne Rainey tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ fún mi. Ní oṣù kẹsàn-án 1993, ó ń wá ife kẹrin, ó wà níwájú nínú ìje kan ní Misano, ní Ítálì. Ó ṣubú. Láti àyà rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀, kò mọ ohunkóhun lára mọ́ láti ọjọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ arọ ló ń lò. Ní 2022, wọ́n tún YZR500 kan ṣe fún un kó lè fi ọwọ́ nìkan darí gbogbo rẹ̀, ó sì gùn ún ní Goodwood, ní England. Mo wo fídíò yẹn tó ìgbà mẹ́wàá. Àwọn èèyàn gbé e gorí rẹ̀ bí ọmọ. Bó ṣe ń lọ ni inú rẹ̀ ń dùn.

Mo fi han Dádì ní àárọ̀. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, "Ó gun tiẹ̀ padà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Òun nìkan ló ṣubú ni."

Ìgbà yẹn ni mo lọ pa fídíò náà rẹ́.

Mo bi Dádì bóyá mo lè kọ èyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má kọ orúkọ àbúrò wọn, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ báyìí. Kò sọ ohunkóhun, ó lọ jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì, àwọn méjèèjì ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n jọ jẹ ẹ̀wà Àgànyìn nínú abọ́ kan.

Èrò tèmi nípa báìkì náà, nítorí mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè: ó rẹwà. Mi ò ní purọ́. Mo ṣì ń rí i lójú oorun. Ẹni tó ní ìbòjú rẹ̀ ò pé, òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ní kò rùn, òótọ́ ni. Ẹni tó ní gálọ́pù Ọbáléndé máa bà á jẹ́, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n mo tún fídíò yẹn wò kí n tó pa á rẹ́, mo ṣàkíyèsí pé gbogbo wa, láti orí ọmọ kékeré dé orí mẹkáníìkì, ìjókòó iwájú la ti ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń sá, bó ṣe ń dún, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ga tó. Dádì nìkan ló wo ẹ̀yìn.

Ẹni tó ṣe báìkì retro lè dá àwọ̀ àtijọ́ padà, ó lè dá ìbòjú padà, ó lè ya mítà àtijọ́ sójú síkírìnì. Ohun tó dùn nínú àtijọ́ ló ń tà fún wa. Mi ò bá a jà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó gun ti àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, wọ́n sì lè máà fẹ́ràn orin tí a fi sí i.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi padà wá ní Sátidé. Mo ti sọ fún un. Ó gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì kejì wá. Tuntun ni, kò bá àwọ̀ báìkì rẹ̀ mu rárá, àwọ̀ ewé ni, ó burú lójú. Ó fi lé Dádì lọ́wọ́ ó sì dọ̀bálẹ̀. Dádì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ìka kàn án kọ́, kọ́, kọ́, wọ́n fa okùn rẹ̀ bóyá ó máa já. Wọn ò sọ pé kí n gùn ún. Wọn ò sì sọ pé kí n má gùn ún. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n fi kọ́ sí ara ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò.

Ibẹ̀ ló ṣì wà. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ó tán. Ẹ̀yin tí ẹ máa gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ lọ́la ní àwọn ibi tí òfin ò tíì dé, ẹ ka akoto tó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó gòkè. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta XSR900 GP, ẹ má bi mí léèrè o. Owó táyà rẹ̀ gan-an ò sí lọ́wọ́ mi.